Ẹ Dá Àlùmọ́gàjí Padà Sọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ṣàngó, Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Sí ẹ̀yin tí ẹ dá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Ṣàngó àti agbègbè rẹ̀. Sí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ń bẹ ilé-ìwé wò. Àti sí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó.

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò mi,

N kò kọ lẹ́tà yìí láti bú ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí ojú yín ń rí: owó oṣù tíṣà tí kò gbọdọ̀ pẹ́, owó ilé, epo jẹnẹrétọ̀, òbí tó ń bẹ̀bẹ̀ láti oṣù dé oṣù, tó sì máa kó ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn nígbà tí gbèsè bá ga tán. Kí Ọlọ́run fún yín ṣe.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe jẹun ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ń ránṣọ mọ́ ọn. Ìránṣọ ló kù tí mo gbájú mọ́ báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngó níhìn-ín. Àwọn kan nínú yín ló ń gbé yúnífọ́ọ̀mù fún mi rán. Mo mọ̀ dájú pé lẹ́tà yìí lè mú kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Ó dáa náà. N kò lè torí yúnífọ́ọ̀mù panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó máa ti inú apá yúnífọ́ọ̀mù náà yọ jáde.

Ní ìparí táàmù tó kọjá, ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ọmọ ọmọ mi gbé tirẹ̀ wálé. Wọ́n ní láti táàmù tó ń bọ̀, kò ní sí àsìkò àwòrán yíyà àti iṣẹ́ ọwọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Àsìkò náà ti di ti ìwé kíkọ àti ìṣirò, kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta lè múra sílẹ̀ fún ìdánwò. Wọ́n ní kí òbí kankan má ra sísọ́ọ̀sì (àlùmọ́gàjí), kíréyọ̀n tàbí gọ́ọ̀mù mọ́. Ìwé ìkọ̀wé ni kí wọ́n fi owó rẹ̀ rà. Wọ́n tún fi kún un pé sísọ́ọ̀sì léwu, nítorí ọmọ kan fi gé irun dídì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo bá àwọn òbí mìíràn sọ̀rọ̀, láti Ṣàngó títí dé Kúlẹ́ńdé, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé-ìwé kan ṣoṣo. Àwọn ilé-ìwé mìíràn wà tí wọn ò tilẹ̀ ní àsìkò iṣẹ́ ọwọ́ rí. Iṣẹ́ ọwọ́ wà lórí káàdì èsì, máàkì sì wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ò gé nǹkan kan, kò ya nǹkan kan, kò lẹ nǹkan kan. Ta ló ṣe iṣẹ́ tí ẹ fún ní máàkì? Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn.

Ohun tó ń dùn mí kò gùn: ẹ ń fẹ́ kí ọwọ́ kọ̀wé kí ọwọ́ tó gbó.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ fúnra rẹ̀. Eegun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan. Mẹ́jọ nínú wọn, kéékèèké, ló kóra jọ sí ọrùn-ọwọ́. Lọ́jọ́ tí a bí ọmọ, àwọn mẹ́jọ yìí ò tíì di eegun gidi. Rírọ̀ ni wọ́n, tí wọ́n bá sì ya ọwọ́ náà ní X-ray, ibẹ̀ á ṣófo ni. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń le: méjì láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọmọ fi ń lọ sí ọdún mẹ́fà tàbí méje, èyí tó kẹ́yìn sì lè má yọjú títí ọmọ fi pé mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọmọ odó mú kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ kò sì le. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe ló ń ṣe. Ìgbárí tí àǹtí fún un kò lè mú eegun yá.

Bí ọwọ́ ṣe ń dàgbà ní ètò tirẹ̀, ẹ̀yin tíṣà tí ẹ kọ́ṣẹ́ yìí níwèé sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ á máa fa ìlà játijàti. Ní nǹkan bí ọdún méjì, ó lè fa ìlà tó dúró ṣánṣán bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ fà á hàn án. Ní ọdún mẹ́ta, òbìrìkìtì. Ní ọdún mẹ́rin, ìlà méjì tó dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Onígun mẹ́rin ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Onígun mẹ́ta sì lè má bọ́ sí i lọ́wọ́ títí ó fi kọjá ọdún márùn-ún, nítorí ìlà tó dàgẹ̀rẹ̀ le fún ọmọdé ju ìlà tó dúró lọ.

Wàyí o, ẹ wo lẹ́tà tí ẹ kọ́kọ́ ń gbé síwájú wọn. Ìlà méjì tó dàgẹ̀rẹ̀, tó forí kora lókè, tí òmíràn sì dábùú wọn láàárín: A. Onígun mẹ́ta tó lẹ́sẹ̀ ni. Òun ni ẹ ń fún ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ láti kọ kún ojú ewé kan mọ́jú. A ń tan ara wa ni, nítorí gbogbo ilé ní Ṣàngó ló mọ bí iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn ṣe ń parí. Ìyá á di ọwọ́ ọmọ mú, á máa darí rẹ̀ lórí ìlà. Ọmọ á máa sunkún, oorun á máa kùn ún. Bó bá yá, ìyá á kúkú gba pẹ́ńsù, á kọ ọ́ tán fúnra rẹ̀, á sì gbọ̀n ọwọ́ díẹ̀ kó lè jọ ti ọmọdé. Lówùúrọ̀, àǹtí á fi bíírò pupa fa ìlà sí i pé ó dára. Ìyá ló gba máàkì yẹn.

Kí wá ni àwòrán àti gígé ń ṣe tí àdàkọ lẹ́tà kò lè ṣe? Àlùmọ́gàjí ni mo máa fi dáhùn, nítorí òun ni mo ń lò.

Ọmọ ọmọ mi tí mo sọ yìí ń lọ sí ọdún márùn-ún. Bó bá dé láti ilé-ìwé, ó máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kọ́kọ́ fún un ní páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, kó lè gé e já bó bá ti pa ẹnu àlùmọ́gàjí dé lẹ́ẹ̀kan. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú ihò òkè, ó kọjú sókè. Ìka àárín wà nínú ihò ìsàlẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá ń gbé e ró láti abẹ́. Ó la ẹnu àlùmọ́gàjí, ahọ́n tirẹ̀ náà sì yọ síta. Ó pa á dé. Ègé páálí já bọ́ sílẹ̀. Ó wò mí bóyá mo rí i, ó tún la á. Nígbà tí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sú u, a bọ́ sórí ìlà tó gùn, lẹ́yìn náà èyí tó lọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Lọ́jọ́ tí mo ya òbìrìkìtì fún un, ohun tí mo ń retí ṣẹlẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún ń gé, ọwọ́ òsì sì ń yí páálí, díẹ̀díẹ̀, sí ọ̀nà tí ìlà gbà. Èmi ò sọ fún un pé kó yí i.

Ohun tí ẹ fẹ́ pa rẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ń darí wọn, ọkàn ń dúró lójú kan. Ìka mẹ́ta tó ń la àlùmọ́gàjí tó sì ń pa á dé ni ìka mẹ́ta tí yóò di pẹ́ńsù mú. Bí ọmọ bá ń fa pépà ya, tó ń ṣẹ́ ẹ po, tó ń mọ amọ̀, tó ń kun àwòrán láì jẹ́ kí àwọ̀ kọjá ìlà, ìka wọ̀nyẹn ló ń le sí i. Gígé náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀: ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ lè gé ẹnu pépà jẹ́jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta lè gé pépà já sí méjì, ọmọ ọdún mẹ́rin lè tẹ̀lé ìlà tó nà, ọmọ ọdún márùn-ún lè gé òbìrìkìtì. Ọmọ tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá kì í pẹ́ kọ lẹ́tà A. Mo ti kọ́ irú wọn.

Àwọn tí kò gba ibẹ̀ kọjá náà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń pàpà dé. Wọ́n á ti jáde girama, wọ́n á fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Àtàǹpàkò wọn lè kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí fóònù kí n tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n gé ọrùn bùbá: àlùmọ́gàjí á máa jẹ aṣọ lẹ́nu dípò kó gé e, ọwọ́ á máa gbọ̀n, wọ́n á ní ìka ń ro àwọn. Aṣọ oníbàárà sì wọ́n.

Ní ti ewu tí ẹ sọ, n kò fojú kéré rẹ̀. Irun tí ọmọ gé yẹn á hù, ṣùgbọ́n ojú kì í hù, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àlùmọ́gàjí ọmọdé tí orí rẹ̀ rí rogodo, ó sì wà lọ́jà. Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó kó tó fọwọ́ kàn án. Bó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, á pa ẹnu rẹ̀ dé, á di irin rẹ̀ mú sínú àtẹ́lẹwọ́, á na ibi ìdìmú sí onítọ̀hún. Àǹtí á pe ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún sídìí tábìlì kan, àwọn yòókù á máa ya àwòrán. Gbogbo rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé kí olùkọ́ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi má ní ju ọmọ 25 lọ. Bí àwọn ọmọ bá pọ̀ débi pé àǹtí kan ò lè rí ọwọ́ wọn, a jẹ́ pé kì í ṣe àlùmọ́gàjí ni ewu tó wà nínú yàrá yẹn.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan nípa ọwọ́, n kò sì ní rọra sọ ọ́: ẹ yéé na ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì. Mo mọ àṣà wa. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, èmi náà kò sì gbà á lọ́wọ́ ọmọ kankan. Ṣùgbọ́n ìkíni lọ̀tọ̀, pẹ́ńsù lọ̀tọ̀. Ọmọ tí Ọlọ́run dá pé kó máa fi òsì ṣiṣẹ́, bí ẹ bá fi tipátipá gbé pẹ́ńsù sí i lọ́tùn-ún, ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ láìnídìí. Ní ti àlùmọ́gàjí, ẹni tó bá ń ránṣọ ló máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: èyí tó pọ̀ lọ́jà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọlọ́wọ́ òsì bá mú un, irin òkè á bo ìlà mọ́ ọn lójú, bó sì ṣe ń fún un mọ́ra ni irin méjèèjì á máa yà kúrò lára wọn, pépà á sì kákò sáàárín. Ọmọ á rò pé òun ò mọ nǹkan ṣe. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì wà. Ọ̀kan tàbí méjì ti tó ilé-ìwé kan. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan báyìí tó ń lo òsì. Kò sí ẹni tó ń gé aṣọ mọ́ bíi tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ ọ̀tún sì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ tiyín. Àwọn tó ni ilé-ìwé sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ fà á. Wọ́n ní bí ìwé ọmọ kò bá kún, ẹ ó ní wọn ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Bó bá mú òdòdó tó fi páálí gé wálé, ẹ ó béèrè bóyá torí ìyẹn lẹ ṣe ń sanwó. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Mo ti rí òdòdó yẹn nínú pàǹtí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé kí ìyá tó gun ọ̀kadà.

Gbogbo wa la fẹ́ kí ọmọ di dókítà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí dókítà sọ. Ní 2018, Roger Kneebone, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń rí sí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ké gbàjarè pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ iṣẹ́ abẹ ní máàkì gíga, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò já fáfá mọ́: gígé àti rírán ń ni wọ́n lára. Ó ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣe láti kékeré ni wọn ò ṣe. Ìlú tí kò ṣe aláìní ìwé la ń sọ yìí o. Ìṣirò tí ẹ fẹ́ gbé sípò iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Ní 2010, David Grissmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó tẹ̀lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ sókè. Wọ́n rí i pé ọmọ tí ìka rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ kó tó wọ ilé-ìwé, tó lè wo àwòrán kan kó yà á bó ṣe rí, ló máa ń ṣe dáadáa jù nígbà tó bá yá, nínú ìwé kíkà àti nínú ìṣirò pàápàá. Ẹ wá ń yọ òògùn kúrò kí àìsàn lè sàn.

Ẹni tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ fún gbogbo ayé mọ èyí. Friedrich Froebel ará Jámánì, ní 1837, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò. Pépà gígé, pépà ṣíṣẹ́po, híhun, rírán àti àwòrán wà lára iṣẹ́ tó yàn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa gba orúkọ ilé-ìwé náà, a ran gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mọ́ ọn fún ọmọ ọdún márùn-ún (èmi náà ń rán an, owó rẹ̀ dáa), a wá da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù.

Ohun tó dùn mí jù nípa ìwé tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ yẹn ni pé ẹnìkan ti jà fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1882, kò rí ẹni kọ́ ọ ní àwòrán nílé-ìwé. Àwòrán inú ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó ló ń wò tó ń dà kọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláṣẹ amúnisìn ìgbà náà kò gbà pé ẹ̀kọ́ àwòrán yẹ ọmọ adúláwọ̀. Ọnàbólú kò gbà fún wọn. Ó lọ kọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó padà dé ní 1922, ó ń lọ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Mr. Perspective ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń tẹnu mọ́ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú. Ó tún ń rọ ìjọba títí wọ́n fi gbà láti mú olùkọ́ àwòrán kún un: Kenneth Murray dé ní 1927, Ben Enwonwu, tó wá di gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà, sì wà lára àwọn tí Murray kọ́. Àsìkò àwòrán tó wà lórí táìmù-tébù ilé-ìwé wa, ẹnìkan ló bẹ̀bẹ̀ tó sì jà kó tó débẹ̀. Òyìnbó ló kọ́kọ́ ní kò yẹ wá. Ta ló tún ń sọ ọ́ báyìí?

Ìlọrin sì nìyí! Ìlú tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, tí àwọn ìyá àdúgbò Dada ní Òkèlele ń fọwọ́ mọ ìkòkò, tí àwọn bàbá wa máa ń lọ òkúta pupa nígbà kan rí títí tó fi dán, tó di ìlẹ̀kẹ̀ lántànà tí ọba ń fi sọ́rùn. Ní ilé kéwú pàápàá, ọmọ á ti máa ké Àlùkùránì lẹ́nu tipẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró lórí wàláà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tó ń pe nǹkan wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́: a ń ta ayò, a ń bó ẹ̀pà, a ń fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀, a ń di irun àgbàdo. Ìka wa ti ṣiṣẹ́ kó tó rí pẹ́ńsù. Àwọn ọmọ tòní, fóònù ìyá wọn ni wọ́n ń fi ìka kan tì sókè tì sísàlẹ̀. Àjọ elétò ìlera lágbàáyé sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ nídìí ẹ̀ lóòjọ́. Nítorí náà, bí wọn ò bá rí iṣẹ́ ọwọ́ nílé, tí wọn ò rí i nílé-ìwé, níbo ni kí wọ́n ti rí i?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì ti wà lábẹ́ yín rí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní 1977, tí wọ́n ti tún ṣe léraléra, kà á sí ara iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi pé kí ọmọ kọ́ bí a ti ń dá nǹkan sílẹ̀ nípa àwòrán, orin àti ohun ìṣeré. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá wá bẹ ilé-ìwé wò, ẹ máa ń béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, ilé ìyàgbẹ́, àwọ̀ tí wọ́n kun ògiri. Ẹ béèrè àlùmọ́gàjí náà. Ẹ ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ gé wá kí ẹ rí i. Ní ti ilé-ìwé ìjọba, láti 2022 ni ètò KwaraLEARN ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé olùkọ́ lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Tábúlẹ́ẹ̀tì lè sọ ohun tí olùkọ́ máa kọ́. Kò lè pèsè páálí. Ẹ bá wa fi páálí, kíréyọ̀n àti àlùmọ́gàjí tẹ̀lé e.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ìwé kò pọ̀. Ẹ fagi lé ìwé tí ẹ kọ yẹn. Ẹ dá ọjọ́ Jímọ̀ padà, kí ẹ sì fún iṣẹ́ ọwọ́ ní ìwọ̀nba àsìkò díẹ̀ lójoojúmọ́ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí àdàkọ lẹ́tà dúró dè wọ́n. Ẹ má fún ọmọ ọdún mẹ́ta ní ìdánwò àkọsílẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó mọ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Máàkì iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí káàdì, èké ni. Kí ẹ sì gba ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré síṣẹ́, ó kéré tán ẹnìkan nínú ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì Ìlọrin tó wà nílé wa níbí ní ẹ̀ka tó ń kọ́ wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama lẹ ń gbà, ẹ ń san ohun tí kò tó owó ọkọ̀, ẹ sì ń retí kó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Ẹ má sọ fún mi pé kò sí owó. Gọ́ọ̀mù kì í tán nílé tí ẹ̀kọ bá wà: ẹ po ògì kó ki, kó tutù, ó ń lẹ pépà dáadáa, bí ọmọ bá sì lá a, kò ní pa á lára. Ilé ìtẹ̀wé tó wà káàkiri ìlú yìí ń da ègé pépà nù lójoojúmọ́, funfun báláú, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá bá wọn kó o. Páálí ńkọ́? Ẹ lọ sí ọjà Ìpàta lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá wà lára ògiri gbogbo wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ó fẹ̀, ó nípọn. Amọ̀ wà ní Òkèlele. Àlùmọ́gàjí nìkan lẹ máa fowó rà, mẹ́fà sì tó kíláàsì kan bí ẹ bá ń pín in lò.

Mo ti bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ díẹ̀ kún un. Àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ti ń kóra jọ, wọ́n sì fẹ́ béèrè rẹ̀ ní gbangba nígbà ìpàdé òbí àti olùkọ́ àkọ́kọ́ ní táàmù tó ń bọ̀. Ẹ pèsè èsì sílẹ̀. Kí ẹ má sọ fún wa pé bí ilé-ìwé kejì ṣe ń ṣe nìyẹn, a ti bi ilé-ìwé kejì náà. Àwọn kan nínú wa máa mú káàdì èsì ọmọ wọn dání, wọ́n á ní kí ẹ fi iṣẹ́ tó gba máàkì hàn wọ́n. Àwọn mìíràn á kó ọmọ wọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bẹ ilé-ìwé wò, ẹ̀dà lẹ́tà yìí ń bọ̀ ní ọ́fíìsì yín, màá sì wá béèrè rẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n máa ń fi fáìlì sí.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe, mo wà fún un. Màá wá fi han àwọn àǹtí yín bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní gígé, n kò ní gba kọ́bọ̀. Ègé aṣọ tó kù nídìí iṣẹ́ mi wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àǹkárá, léèsì, àtíkù, gbogbo àwọ̀ ló wà níbẹ̀. Ilé-ìwé tó bá fẹ́, kó rán ènìyàn wá kó o lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọjọ́kọ́jọ́ àyàfi Jímọ̀. Àmọ́ ẹ gbé àpò tiyín dání o, tèmi kò gbọdọ̀ bá a lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Aránṣọ, tíṣà àná,
Ṣàngó, Ìlọrin.